Ìjọ wo ni kí n máa lọ? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú kékeré ní ilẹ̀ Òkun

Òkun o, bí a ti ń kíra wa níbí, ní ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Tíṣà tí wọ́n gbé wá sí Ìsánlú, nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, àgùnbánirọ̀ tí wọ́n pín sí Ìyárà tàbí Mọ̀pà, àti ọmọ ìlú tó ti pẹ́ ní Èkó tàbí Àbújá tó ń padà bọ̀ wálé, ẹ̀yin la kọ èyí fún. Ohun kan ló so gbogbo ìdáhùn wa pọ̀: ìwé orúkọ ìjọ. Ní ìlú ńlá, èèyàn lè jókòó sínú ìjọ kan fún ọdún márùn-ún kí ẹnikẹ́ni má mọ orúkọ rẹ̀. Níbí, ìjọ tí orúkọ yín wà nínú ìwé rẹ̀ ni yóò so yín pọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun ni yóò gbàdúrà sórí ọmọ yín, òun náà ni yóò dúró ti ẹbí yín nígbà ìsìnkú.

Àwọn ìjọ wo ni mo máa bá nílùú?

Tó bá jẹ́ apá Yàgbà lẹ wà, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú dé Mọ̀pà, ECWA (Evangelical Church Winning All) lẹ máa kọ́kọ́ rí, ó sì ṣeé ṣe kí ilé ìsìn wọn ju ẹyọ kan lọ nínú ìlú kan ṣoṣo. Ní Kàbà àti Ìjùmú, Áńgílíkà àti Àgùdà ti fìdí múlẹ̀ tipẹ́, bẹ́ẹ̀ ECWA náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn àwọn mẹ́ta yìí ni àwọn ìjọ aláàdúrà: Kírísítì Àpọ́sítélì tí gbogbo èèyàn ń pè ní CAC, Kérúbù àti Séráfù, àti Sẹ́lẹ́. Rìdíìmù, Dípà Láìfù àti Winners náà ti wọ ọ̀pọ̀ ìlú, ilé wọn sì máa ń wà lẹ́bàá títì. Ẹni tó ń wá Gbọ̀ngàn Ìjọba àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, tàbí àwọn Adventist tí ń sìn ní Sátidé, ìlú tó tóbi ni kó ti kọ́kọ́ béèrè.

Kí ló dé tí ECWA fi pọ̀ ní Yàgbà, tí kò rí bẹ́ẹ̀ níbòmíì?

Ọ̀nà tí ìhìnrere gbà wọlé ló fà á. Ojú omi ni ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, gbà. Ní 1857, Samuel Ajayi Crowther bá ọkọ̀ gòkè odò Ọya, wọ́n sì fi iṣẹ́ lélẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Lẹ́yìn náà ni Lọ́kọ́ja gba ipò yẹn. Ní 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn Fàdá Àgùdà náà gba Lọ́kọ́ja wọlé, nígbà tó sì di 1955, orúkọ Kàbà ni Róòmù fi pe àgbègbè iṣẹ́ wọn, kó tó di Dáyósíìsì Lọ́kọ́ja.

Ti SIM, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó bí ECWA, yàtọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, ló gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1893. Kí 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn rí ibùdó sí Pàtígi ní ilẹ̀ Nupe ní 1902, nígbà tó sì di 1908, Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló dojú kọ àṣà pípa ìbejì ní àgbègbè yẹn títí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 1954, àwọn ìjọ tí SIM gbìn para pọ̀ di ECWA. Ẹ ò ní pẹ́ ní Ẹ̀gbẹ̀ kí ẹ tó rí ilé ìwòsàn ECWA àti Titcombe College: ibi tí iṣẹ́ yẹn ti gbòòrò dé nìyẹn.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ìjọ kan borí òmíràn. Ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ilé ìwé, àwọn tó sì jáde nílé ìwé yẹn ló gbé ìjọ náà lọ sí ilé bàbá wọn.

Aago mélòó ni ìsìn?

Ẹ má gbára lé pátákó tó wà níwájú ilé ìsìn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti kọ láti ọdún pípẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé nítòsí ní ọjọ́ Sátidé. ECWA àti CAC máa ń ṣe Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ka àgbàlagbà mọ́ ọn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ti pẹ́ lójú tiwọn, bí ìsìn gan-an ò tíì bẹ̀rẹ̀. Níbi tí agogo bá wà, agogo àkọ́kọ́ ni ká fi múra, èkejì ni ká fi wọlé.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ajé ni Dípà Láìfù ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ti Rìdíìmù máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí. Mo lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sí Máàsì. Ṣé wọ́n ti pa ìjọ náà tì ni?

Rárá o. Ìlú kékeré sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ka lábẹ́ páríìṣì. Fàdá kan lè máa bójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, á sì máa yí wọn ká. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá lè dé ọ̀dọ̀ yín, katikíìsì ló ń darí ìsìn: ìwé kíkà, àdúrà àti orin wà, ṣùgbọ́n kò sí ìyàsímímọ́ ara Olúwa. Ọ̀dọ̀ katikíìsì ni kí ẹ ti gba ètò oṣù náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí Fàdá ń bọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìgbà tó máa gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, torí kí Máàsì tó bẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń jókòó fún un. Bí ara bá le koko, ẹ wọkọ̀ lọ sí ibi tí páríìṣì gan-an wà.

Bákan náà ló rí ní Áńgílíkà. Àlùfáà kan lè ní ìjọ mẹ́ta lọ́wọ́, kí katikíìsì tàbí òǹkàwé máa darí ìsìn òwúrọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí nílé. Ẹni tó bá fẹ́ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí Àlùfáà ń bọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa múra?

Lọ́dọ̀ Àgùdà, Áńgílíkà àti ECWA, aṣọ tó bá bo ara tó sì mọ́ ti tó. Obìnrin á wé gèlè tàbí á de fìlà. Ní Dípà Láìfù, obìnrin máa ń bo orí, kì í lo yẹtí tàbí ẹ̀gbà ọrùn, kì í sì í wọ ṣòkòtò.

Ọ̀dọ̀ Kérúbù àti Séráfù àti Sẹ́lẹ́ ni àlejò ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bàtà kì í wọ ibi ìsìn. Ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ ọ, nítorí náà ẹ wọ èyí tó rọrùn láti bọ́, tí kò sì dùn yín jù bó bá sọnù láàárín ti àwọn yòókù. Sùtánà funfun ni wọ́n ń wọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í retí rẹ̀ lára àlejò. Ọkùnrin ń jókòó lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ní Sẹ́lẹ́, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ kì í wọ inú tẹ́ńpìlì, ọmọ ìjọ kì í mu ọtí tàbí sìgá, kì í sì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn kẹ́gbẹ́ pẹ́, ẹ bi Ìyá kan nínú ìjọ léèrè ní ìdákẹ́ jẹ́ẹ́ kí ẹ tó lọ, yóò ṣàlàyé láìdójú tì yín.

Báwo ni mo ṣe máa wọ inú ìwé orúkọ?

Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìjọ yín. Lẹ́tà tó dáa máa ń ní ohun márùn-ún: orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìrìbọmi, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti ṣe ìrìbọmi, bóyá ẹ ń gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tàbí ẹ kì í gbà á, bóyá ẹ ti gbéyàwó tàbí ẹ ò tíì gbé e, àti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọ. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ máa ń fa ìfòyà. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù olùṣọ́àgùntàn tó kọ ọ́ sí i, torí wọ́n lè pè é.

Bí ẹ bá dé, ẹ má fún ẹni tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ní lẹ́tà náà. Ẹ mú un lọ bá olùṣọ́àgùntàn tàbí akọ̀wé ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Ní ECWA, ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, ìpàdé wọn sì lè tó oṣù kan sígbà tí ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pè yín síwájú ìjọ. Bí oṣù méjì bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ padà lọ béèrè: ìwé máa ń sọnù sínú fáìlì, pàápàá nígbà tí wọ́n bá gbé olùṣọ́àgùntàn lọ sí ibòmíì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní lẹ́tà kankan, ẹ má purọ́ pé ẹ ní i, ẹ má sì sọ pé ó jóná. Ẹ sọ òótọ́. Wọ́n á ní kí ẹ jókòó sí kíláàsì àwọn ẹni tuntun, èyí tó sì máa dáa jù fún yín náà nìyẹn, nítorí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín.

Wọ́n wọ́n mi lómi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Ṣé wọ́n á tún ìrìbọmi mi ṣe?

Ó sinmi lórí ìjọ tí ẹ ń lọ. Àgùdà àti Áńgílíkà ń ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́, pẹ̀lú bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì. Àgùdà gba ìsàmì Áńgílíkà, wọn kì í tún un ṣe bí wọ́n bá ti rí ẹ̀rí pé omi ni wọ́n lò, tí wọ́n sì ṣe é ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì ṣe ìsàmì rárá, tó wá di Àgùdà lágbà, máa ń gba ẹ̀kọ́ fún oṣù púpọ̀, alẹ́ tó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é fún un.

ECWA, CAC, Rìdíìmù àti Dípà Láìfù ò ka ìwọ́nmi ọmọ ọwọ́ sí ìrìbọmi. Ìgbà tí èèyàn bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà gbọ́ ni wọ́n ń rì í sínú omi. Ọmọ ọwọ́ tiwọn, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á sì fi í jìn fún Olúwa. Ẹni tó ti Áńgílíkà bọ̀ sí ECWA gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, kí ó má bàa bínú jáde ní ìdajì ọ̀nà.

Omi odò náà ní ìgbà tirẹ̀. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ odò kékeré ní apá wa máa ń fà débi pé kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tí a ń rì bọmi sì nílò omi tó dé ìbàdí. Bí òjò bá pọ̀ tán ní oṣù Kẹsàn-án, odò kan náà lè máa gbé èèyàn lọ. Ìjọ tó bá ní kòtò ìrìbọmi tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe kì í ní wàhálà yìí. Èyí tí kò ní, kí wọ́n wo ibi tí ilẹ̀ odò le, kí ọkùnrin méjì tó lágbára dúró sí apá ìsàlẹ̀ odò kí ìrìbọmi tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó méjì ni mo ní. Ṣé wọ́n á lé mi?

Kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ẹ lè wọlé, ẹ lè jókòó, ẹ lè kọrin, ẹ lè dá owó ìjọ. Ohun tí Àgùdà, Áńgílíkà àti ECWA kì í fún ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ ni Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, wọn kì í sì í fi í ṣe alàgbà. Ẹ bá olùṣọ́àgùntàn sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún un.

A fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa. Kí ni ká ṣe, ìgbà wo ni ká bẹ̀rẹ̀?

Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni kí ẹ lọ rí olùṣọ́àgùntàn. Àwọn tó ń gbé Èkó tí wọ́n fẹ́ wá ṣe ìgbéyàwó nílé ní oṣù Kejìlá ló máa ń há jù, torí wọ́n ti tẹ káàdì kí wọ́n tó béèrè bóyá ọjọ́ náà ṣófo.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìgbéyàwó ilé ìsìn náà hàn yín. Òfin ìgbéyàwó ní Nàìjíríà béèrè pé kí ilé ìsìn ní àṣẹ ìjọba. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka kékeré ló ní i, kódà bí orílé-iṣẹ́ ìjọ náà bá tóbi. Bí kò bá sí, ìsìn yín lè dùn títí, ìwé ẹ̀rí yín á ní wàhálà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba físà tàbí pín ogún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ní ìjọba ìbílẹ̀: Ìyárà ni fún Ìjùmú, Ìsánlú fún Yàgbà Ìlà Oòrùn, Òdò-Ẹrẹ́ fún Yàgbà Ìwọ̀ Oòrùn, Mọ̀pà fún Mọ̀pà-Múrò, Kàbà fún Kàbà-Bùnú. Ẹ ó kọ ìwé ìkéde níbẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21. Bí kò bá sí ẹni tó takò ó, wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí tí ẹ máa gbé lọ fún olùṣọ́àgùntàn. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gbé ní àgbègbè náà fún ó kéré tán ọjọ́ 15 kí wọ́n tó fi í fún yín. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 gbọ́dọ̀ mú ìwé ìyọ̀ǹda òbí wá.

Oṣù mẹ́ta ni ìkéde yẹn ń lò láyé, láti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Bí ìgbéyàwó ò bá wáyé láàárín rẹ̀, ó ti di òfo, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ kọ ọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú: ọjọ́ 21 á pé, àyè á sì ṣẹ́ kù bí ọjọ́ bá yẹ̀.

Ti ìjọ fúnra rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Áńgílíkà ń ka ìkéde fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Bí ìyàwó bá ti ìjọ mìíràn wá, ìjọ tirẹ̀ náà á kà á, ẹ ó sì mú lẹ́tà wá pé wọ́n kà á. Àgùdà á béèrè ìwé ìsàmì tuntun, tí kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bínú pé "mo ṣáà ní ti àtijọ́ lọ́wọ́." Ìdí rẹ̀ ni pé inú ìwé ìsàmì ni páríìṣì ń kọ ọ́ sí bí èèyàn bá ti gbéyàwó, ìwé tuntun ló sì máa fi hàn pé ẹ ò tíì ṣe é níbòmíì. Bí ọ̀kan nínú yín kì í bá ṣe Àgùdà, Fàdá gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fún gbogbo ìjọ, ẹ mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dání, torí ọ̀pọ̀ kì í so AS pọ̀ mọ́ AS. Ẹ ṣe é kí ìfẹ́ tó wọra, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbéyàwó.

Lọ́jọ́ náà, àárín aago 8 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni òfin fàyè gbà, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ẹlẹ́rìí ò gbọ́dọ̀ dín sí méjì. Ẹ má jẹ́ kí ijó ìwọlé jẹ àkókò tán. Ẹ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí kí ẹ tó jáde lọ ya fọ́tò. Ẹyọ kan jẹ́ tiyín, olùṣọ́àgùntàn gbọ́dọ̀ fi èkejì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó láàárín ọjọ́ 7. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lọ wò ó bóyá ó débẹ̀.

Bàbá wa kú. Ó ti pẹ́ tó ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló máa sin ín?

Ìjọ tí orúkọ bàbá wà nínú ìwé rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Kí ọmọ kan àti àgbà ẹbí kan lọ pọ̀, kí wọ́n sọ fún olùṣọ́àgùntàn kí wọ́n tó dá ọjọ́. Ẹ má dá ọjọ́ nílé kí ẹ tó lọ sọ fún un, nítorí ìgbà tí ìkórè tàbí àpéjọ ọdọọdún bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ẹ̀yin lẹ máa yí padà. Ọ̀pọ̀ ìjọ á wo ìwé owó ọdún. Bí gbèsè bá wà, ọmọ lè san án, ẹ sì gba rìsíìtì. Bó bá jẹ́ pé bàbá ti kúrò nínú ìjọ náà pátápátá, olùṣọ́àgùntàn lè wá gbàdúrà nílé àti lẹ́bàá sàréè láìgbé òkú wọ inú ilé ìsìn. Ẹ má fi ìyẹn ṣe ìjà. Ní ilẹ̀ wa níbí, inú ẹbí kan náà ni Mùsùlùmí, ECWA àti Àgùdà ti ń jókòó sídìí òkú, ẹni tó bá sì ń ké jù ló ń dójú ti olóògbé.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá?

Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ìsìn. Bíbélì àti orin jẹ́ ti Yorùbá gbogbogbòò, ṣùgbọ́n ìkéde àti àwàdà á bọ́ sí ẹ̀ka èdè ìlú, bí Owé, Yàgbà tàbí Ìjùmú. Ní Kàbà ẹ lè rí ìsìn Gẹ̀ẹ́sì. Níbòmíì, ẹ jókòó síwájú, ògbufọ̀ máa ń ṣíjú wo àlejò.

Àgùnbánirọ̀ ni mí. Ṣé NCCF, ẹgbẹ́ àwọn àgùnbánirọ̀ Kristẹni, ò tó?

NCCF dára, ilé wọn sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò rí ilé sùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ Àgùdà ní NACC tiwọn. Síbẹ̀, ẹ tún ní ìjọ kan nínú ìlú. Nígbà tí ibà bá dá yín dùbúlẹ̀ lóru, ìyá tó ń jókòó níwájú yín lọ́jọ́ Ìsinmi ló máa gbé omi gbígbóná àti ẹ̀kọ wá.

A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ìjọ wa níbí. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ààfin ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ilẹ̀. Ẹ lọ kí ọba, kí ẹ sì mú lẹ́tà orílé-iṣẹ́ yín dání. Ilẹ̀ wá kàn. Ẹbí ló ni ilẹ̀: olórí ẹbí àti ó kéré tán àgbà méjì láti ìdílé mìíràn nínú ẹbí náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kì í ṣe ọmọ kan tó ń nílò owó. Ilẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo tà ló ń gbé ìjọ lọ sí kóòtù. Pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, kì í tó bí ẹ bá ro ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilé ìgbẹ́ mọ́ ọn, ẹ wá méjì. Ẹ jìnnà sí ilé ìwòsàn, ẹ sì kọjú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sínú ilé, kì í ṣe síta.

Ẹ̀ka ìjọ tó ti forúkọ sílẹ̀ kò nílò ìforúkọsílẹ̀ tuntun. Ìjọ tó dá dúró ló máa lọ bá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn alámòójútó rẹ̀. Ìkéde á jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹni tó bá fẹ́ takò ó sì ní ọjọ́ 28.

Bí ẹ bá kọ́lé, ẹ ro ti ìjì àkọ́rọ̀ òjò ní oṣù Kẹta àti Kẹrin. Páànù tí wọ́n kan mọ́ igi láìfi irin de igi yẹn mọ́ bíríkì ni atẹ́gùn máa ń ká kúrò. Ilé ìsìn ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, torí gbọ̀ngàn gígùn ni, kò sí ògiri láàárín.

Wọ́n ti gbé mi lọ síbòmíì. Kí ni kí n ṣe kí n tó lọ?

Ẹ béèrè lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Bó bá jẹ́ ìparí ọdún ni, ẹ tètè sí i, torí ìgbà yẹn ni Áńgílíkà àti ECWA náà sábà máa ń pààrọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, olùṣọ́àgùntàn tuntun kò sì ní mọ̀ yín. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé tí orúkọ yín wà nínú ìwé ìrìbọmi, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìlà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi tó wà lọ́wọ́ yín bá sọnù lọ́dún mẹ́wàá sígbà yẹn, nọ́ńbà ìlà ni akọ̀wé máa fi rí yín.